Kẹ̀kẹ́ Baálẹ̀ Fájínmí

Ẹnu ṣì ń yà wá lórí ọgbọ́n Ṣìjúadé atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Baálẹ̀ Fájínmí, tó ni gbogbo ilẹ̀ Abà Ọ̀sàn, ní kó yan kẹ̀kẹ́ kan fún òun, tí táyà rẹ̀ yóò tínrín lórí títì ọ̀dà, tí táyà kan náà yóò sì fẹ̀ nínú ẹrẹ̀ oko. Bí kò bá rí i, kó tú ìsọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ṣìjúadé kúnlẹ̀, ó ní, "Ó ti yá, Baba." Ó yan èyí tí táyà rẹ̀ kò fẹ̀ jù, tí kò sì tínrín jù, ó fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ títí ó fi le bí òkúta, Baálẹ̀ sì fò lọ lórí ọ̀dà bí àṣá. Nígbà tí wọ́n dé etí ẹrẹ̀, Ṣìjúadé, tó gbé pọ́ǹpù tẹ̀lé e, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, táyà tẹ́ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, Baálẹ̀ sì la ẹrẹ̀ já láìsubú, ó gùn ún padà sí etí ọ̀dà. "Àṣé afẹ́fẹ́ lásán ni!" ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ̀tàn nìyẹn. Lọ tú ìsọ̀ rẹ." Ṣìjúadé ní, "Ó dáa, Baba," ó fi pọ́ǹpù sábẹ́ apá, ó kọrí sílé. Baálẹ̀ wo táyà tó tẹ́, ó wo ọ̀dà gbọọrọ tó kù kó tó délé, ló bá ké gbàjarè: "Ṣìjúadé, ọmọ mi, padà wá! Ta ló ní kí o tú ìsọ̀ kankan?"