Igbó Inú Akèrègbè Ìyá

Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń sọ pé kò sí ohun tí òun tọ́jú rí tí ó bàjẹ́. Fìríìjì ni ó ń tún ṣe ní ìlú rẹ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Ó mọ bí òtútù ṣe ń wọ inú nǹkan, ó sì mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jí adùn rẹ̀ gbé. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò fi àkísà nu ọwọ́, yóò sì sọ fún wọn pé, "Ẹ gbé ohunkóhun tí ẹ bá ní wá. Bí ẹ bá ṣe gbé e fún mi náà lẹ ó ṣe bá a."

Ọ̀kan nínú wọn, télọ̀ kan tí orí rẹ̀ ti ń pá, béèrè bóyá ó lè bá òun tọ́jú irun tó kù lórí òun. Ọkùnrin náà wo orí náà dáadáa, bí ẹni ń wo ẹ̀rọ tó ti kú, ó ní, "O ti pẹ́ jù kí o tó gbé e wá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe sí i.

Ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn jù láti tọ́jú ni igbó. Èyí tí wọ́n ń fà ni mo ń wí, kì í ṣe èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé. Kì í tà á, kì í sì í fà á níta. Lẹ́yìn iṣẹ́ yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, yóò fa ìwọ̀nba díẹ̀, yóò sì máa wo adìẹ ará ilé kejì bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìpàdé. Ohun tí ó ń bà á nínú jẹ́ ni pé ewé náà kì í tọ́jọ́. Èyí tí ó dì sínú ọ̀rá bu. Èyí tí ó kó sínú agolo mílíìkì gbẹ, ó di eruku. Ó gbé òmíràn sínú fìríìjì tirẹ̀ gan-an, ewé náà lagùn, ọbẹ̀ tí wọ́n gbé tì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ náà síwájú rẹ̀, ó sì ń wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ohun tí ó ń wá ni ohun tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ kò lè ráyè wọ̀, tí kì í gbóná, tí kì í sì í lagùn. Ó wá a kiri inú ṣọ́ọ̀bù, kò rí i. Ní ọjọ́ kan ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí i lórí àjà. Akèrègbè ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá náà ti kú. Nígbà tí ó wà láyé, ó máa ń gbin ẹ̀wà pupa kan báyìí, wẹ́wẹ́, tí kì í pẹ́ jinná, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń ta sánsán dé ojúde bí ó bá ń hó lórí iná. Àwọn àgbẹ̀ yòókù ti pa ẹ̀wà náà tì nítorí pé kì í so púpọ̀. Ìyá yìí nìkan ni kò pa á tì. Lọ́dọọdún, yóò ṣa èyí tó dára jù nínú ìkórè, yóò pò ó mọ́ eérú àti ata gbígbẹ, yóò rọ ọ́ sínú akèrègbè, yóò dí ẹnu rẹ̀, yóò sì fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́ yíká.

Wọ́n ní àṣà kan nínú ilé wọn. Ẹni tí ó ń gbin ẹ̀wà kọ́ ló ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nínú ẹbí, ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀, ni akèrègbè máa ń gbé, nítorí ebi lè mú kí àgbẹ̀ se irúgbìn jẹ kí òjò tó dé. Ìdí nìyí tí ìyá fi fa oko lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, tí ó sì gbé akèrègbè fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní, "Ìwọ tí o mọ nǹkan tọ́jú, má jẹ́ kí èyí kú." Ọkùnrin náà ní kí ìyá fọkàn balẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ìyá òun pàápàá mọ̀.

Ó gbé akèrègbè náà sọ̀kalẹ̀. Ó mì ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó rò ó pé ohun tó ti gbẹ ti gbẹ, kí ló tún kù tí ó lè ṣe ẹ̀wà? Igbó ló nílò ìtọ́jú. Ó da ẹ̀wà náà sórí ìwé ìròyìn, ó fẹ́ eérú rẹ̀ dànù kí ó má baà ba yàrá jẹ́, ó ṣa ata kúrò, ó kó ẹ̀wà sínú ọ̀rá, ó so ó, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọn inú akèrègbè dáadáa, ó kó igbó rẹ̀ sí i, ó sì fi ìda lẹ ẹnu rẹ̀ padà bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe é. Ó ní òun yóò dá ẹ̀wà padà síbẹ̀ kí òjò tó dé. Ó sì ní in lọ́kàn lóòótọ́.

Igbó náà kò bu, kò sì gbẹ. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ ń bó ètè gbogbo ènìyàn, ewé inú akèrègbè wà bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n já a. Bí ó bá ṣí i, òórùn rẹ̀ á dìde wá pàdé rẹ̀. Ó pe télọ̀ wá wò ó. Télọ̀ gbà pé òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ọkùnrin náà kò rántí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin dé láti oko. Ó gbé ata tútù wá fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì sọ̀rọ̀ òjò díẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ti rọ̀, òun ti kọ ebè, ẹ̀wà nìkan ló kù. Ọkùnrin náà ní kò sí wàhálà. Ó wọ yàrá, ó fa ọ̀rá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé e fún un láìwo inú rẹ̀.

Obìnrin náà béèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, akèrègbè ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Mo fi nǹkan kan sínú rẹ̀ ni."

Obìnrin náà tú ọ̀rá sórí àtẹ. Ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde, láìkánjú, bí ẹni tó ti jẹun yó. Ẹ̀wà náà ti fúyẹ́, kò sí ọ̀kan tí kò ní ihò lára. Ó fẹ́ ẹ, ó ṣà á, ó tún un ṣà. Ọkùnrin náà ní kí ó ṣì mú nínú èyí tó wà nílé tirẹ̀ gbìn ná. Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò lórí àtẹ.

"Kò sí lọ́dọ̀ mi, Bọ̀ọ̀dá mi. Ebi pa àwọn ọmọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo sè é tán fún wọn láìbẹ̀rù, torí mo mọ̀ pé ti ìyá wa wà lọ́wọ́ yín."

Obìnrin náà dìde, ó wọ yàrá, ó gbé akèrègbè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bóyá ó rò pé díẹ̀ ṣì kù sínú rẹ̀. Ó ṣí i, ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́, ó sì fa ewé kan jáde. Ewé náà tutù yọ̀yọ̀. Ó yí i wò, ó dá a padà jẹ́jẹ́, ó sì dí ẹnu akèrègbè.

Ó ní, "Ẹ mọ nǹkan tọ́jú lóòótọ́."

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ọkùnrin náà ì bá rí èsì fún un.

Ọkùnrin náà da igbó náà sí ààtàn. Ó fi omi gbígbóná fọ akèrègbè, ó sá a sóòrùn, ó tún fọ̀ ọ́, òórùn náà kò kúrò. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń béèrè ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà. Wọ́n rántí ẹ̀wà náà. Wọ́n jókòó, wọ́n ròyìn òórùn rẹ̀ fún un dáadáa. Kò sí ẹni tó ní in.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, n kò sọ pé o ń fa igbó. Bí o bá ń fà á, ìyàwó rẹ á ti bá ọ sọ ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé o kò lè sọ fún wa pé o kò mọ nǹkan tọ́jú. A ti rí bí o ṣe ń nu mọ́tò rẹ láàárọ̀. A ti rí ẹ̀wù tí o wọ̀ fún fóònù rẹ kí ilẹ̀ má baà fara kàn án. Gbogbo ohun tí o fẹ́ràn ló tutù yọ̀yọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, bí kòkòrò bá jẹ èyí tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́, kì í ṣe pé o kò mọ̀ ọ́n ṣe. O mọ̀ ọ́n ṣe. Ibòmíràn lo lò ó sí. Ẹnì kan sì wà níbì kan tó ti jẹ tirẹ̀ tán láìbẹ̀rù, nítorí ó gbà pé èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ ṣì ń bẹ. Lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ kí òjò tó dé.

Ní ti ọkùnrin yẹn, bí wọ́n bá gbé nǹkan wá fún un pé kó bá àwọn tọ́jú rẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e padà sílé wọn. Ó ṣa èyí tí ihò rẹ̀ kéré jù nínú ẹ̀wà náà, ó sì lọ gbìn ín sí oko ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti gbin àgbàdo sórí ebè yòókù, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un. Ní àárọ̀ tí òjò kò bá rọ̀, yóò pọn omi lọ síbẹ̀ kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kì í jẹ́ kí koríko hù níbẹ̀. Ebè náà mọ́, ó rọ̀, ó tutù, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀.