Àkísà Pupa Lára Rọ́bà Omi

Ọláníhùn, gbọ́ ìtàn kan kí n tó dá ọ lóhùn. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olùtọ́jú irinṣẹ́ fún ẹgbẹ́ panápaná ìlú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, birikìlà wà níbẹ̀, olùkọ́ náà wà. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, kálukú á ju ohun tó ń ṣe sílẹ̀, wọn á sáré. Kò sí ẹni tó ń san nǹkan kan fún wọn. Ẹni tó bá sì ṣèṣe nínú wọn, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi omi gbígbóná jó o nílé.

Ọkùnrin yìí ní ìyá. Ìyá náà ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́. Ilé bàbá wọn tó wà létí ìlú ló ń gbé, ilé àtijọ́ alájà igi, tí koríko ọ̀dàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri rẹ̀. Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé ọ̀dọ̀ òun. Ìyá ní ilé tí wọ́n sin ọkọ òun sí ni òun náà yóò kú sí. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi wọ ẹgbẹ́ panápaná. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti dé, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, torí ìyá yẹn.

Ọkọ̀ panápaná kan ṣoṣo ni ìlú náà ní, ó sì ti gbó kí wọ́n tó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sáré lọ pa iná ní abúlé kan, bíréèkì kọ̀ lẹ́nu afárá, ọkọ̀ já sódò. Awakọ̀ kú sínú rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, gbogbo ìlú ló sunkún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ẹgbẹ́ ṣèpàdé. Wọ́n ní kí ọkọ̀ náà wà níbi tó wà, kó dógùn-ún síbẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá ti pa èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń mú wálé.

Olùtọ́jú irinṣẹ́ dìde nínú ìpàdé náà. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, bíréèkì ló pa á, rọ́bà omi kọ́ ló pa á. Pọ́ǹpù wà nínú ọkọ̀ yẹn. Àkàbà wà níbẹ̀. Ta ni yóò fún wa ní òmíràn?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Igúnnugún ti balẹ̀ o. Òkú ọkọ̀ ló fẹ́ jẹ." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, omijé ò tíì gbẹ lójú wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀fọ̀ ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí wọ egungun. Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò bá wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Ó dá lọ sódò. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó tú pọ́ǹpù kúrò nínú ẹrẹ̀, ó fi bárò tì í wálé. Ó yọ àkàbà tó ti wọ́, ó lù ú títí ó fi tọ́. Ó kó rọ́bà omi mẹ́sàn-án jáde, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn. Ó ri àwọn irin tí wọ́n fi ń so rọ́bà mọ́ra sínú epo kí ìdógùn-ún lè bọ́ lára wọn. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é. Ọláníhùn, inú ń bí mi sí ọkùnrin yìí, ìwọ náà á sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣàì yìn ín fún èyí. Ó mọṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ṣiṣẹ́.

Nígbà tó parí, ó fa omi gba inú rọ́bà kọ̀ọ̀kan láti dán an wò. Mẹ́fà dára. Mẹ́ta ti jẹrà láti inú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ń dán. Ó wá àmì tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní gáréèjì tó ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe, ohun tí ọ̀gá bá ti dán wò tó sì dára ni wọ́n máa ń so àkísà pupa mọ́. Ó fa ìró pupa kan tó ti gbó ya, ti ìyàwó rẹ̀ ni. Ó so àkísà pupa mọ́ pọ́ǹpù, ó so ó mọ́ àkàbà, ó so ó mọ́ rọ́bà mẹ́fà tó dára. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé irinṣẹ́ ẹgbẹ́, ó tò wọ́n. Mẹ́ta tó ti jẹrà, ó tì wọ́n sí ìsàlẹ̀ láìso nǹkan kan mọ́ wọn. Ó ní òun yóò lẹ̀ wọ́n tó bá yá.

Ọmọ àgbẹ̀ ni ìwọ náà. O mọ ohun tí àkísà pupa ń sọ. Bí o bá rí i lára igi ìdáná tàbí lórí òkìtì iṣu lẹ́bàá ọ̀nà oko, ṣé o ó fọwọ́ kàn án? Ààlè ni. Ẹni tó ni ín ti sọ pé kí aburú bá ẹni tó bá mú un. Ọkùnrin náà mọ ààlè bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í ronú ohun tí ojú ẹlòmíràn ń rí. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní, "Baálé mi, ṣé kì í ṣe ààlè ni wọn yóò pe èyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó wá bi mí."

Kò sẹ́ni tó bi í. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rí àkísà, wọ́n ń yí padà. Wọ́n ní, "Ó ti pa ààlè sí i fún wa. Kó máa jẹ òkú ọkọ̀ rẹ̀ lọ." Ojú ń tì wọ́n láti bèèrè, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n sọ sí i. Òun náà ń dúró kí wọ́n wá bẹ̀bẹ̀. Adákẹ́-má-fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe.

Ọyẹ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin náà lọ sí ìlú kejì láti wá gọ́ọ̀mù tí yóò fi lẹ rọ́bà mẹ́ta yẹn. Ẹnì kan ń sun pàǹtí lóko rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé iná náà wọ ọ̀dàn. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti dé ilé alájà igi tó wà létí ìlú, ẹnu ọ̀nà ló sì kọ́kọ́ gbà. Ìyá wà nínú ilé. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àwọn panápaná sáré dé ilé irinṣẹ́. Ojo kọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe nawọ́ sí pọ́ǹpù, ẹnì kejì gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Má fọwọ́ kàn án! Ààlè wà lára rẹ̀. Àwọn tí kò ní ààlè nìyí nísàlẹ̀." Wọ́n gbé rọ́bà mẹ́ta yẹn. Wọ́n so wọ́n mọ́ ẹnu táǹkì omi àdúgbò. Èkíní bẹ́. Èkejì bẹ́. Ẹ̀kẹta ń tú omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò gbé e dé ibi iná. Wọ́n padà sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá wọn, àgbàlagbà kan, ló wá sọ pé, "Ohun tí yóò pa mí, kó pa mí." Ó sáré padà, ó já àkísà dànù, wọ́n gbé pọ́ǹpù àti rọ́bà mẹ́fà yẹn dé etí kànga. Ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pọ́ǹpù dáhùn. Rọ́bà gbé omi sókè bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n rà á. Iná kú. Ṣùgbọ́n àjà ti já lulẹ̀, ohùn ìyá sì ti dákẹ́ kí omi tó dé.

Ọkùnrin náà dé ní ìrọ̀lẹ́, gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ìyá rẹ̀ sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ bò ó. Nígbà tó sunkún tó sunkún, ojú rẹ̀ bọ́ sára rọ́bà tó bẹ́. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ lo èyí? Mo ti dán àwọn tó dára wò fún yín!"

Wọ́n ní, "O pa ààlè sí wọn."

"Ààlè kẹ̀? Àmì ni! Àmì pé wọ́n dára ni!"

Ọ̀gá wọn wò ó. Kò bínú, omi ló ń bọ́ lójú òun náà. Ó ní, "Ta ni o sọ fún?"



Ọláníhùn, mi ò sọ pé àwọn yòókù kò jẹ̀bi. Ẹni tó pe èèyàn ní igúnnugún jẹ̀bi, ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín jẹ̀bi, wọ́n sì ń gbé e kiri lọ́kàn títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló wá jókòó síwájú mi lónìí. Ìwọ ni.

Nígbà tí ìjì ká páànù ilé bàbá yín, ìwọ lo kan òmíràn. O kun yàrá àbúrò rẹ, o gbé ibùsùn sí i, o fi àgádágodo tì í kí ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ ayálégbé má baà bà á jẹ́. O ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ ti jà ṣáájú, o sì ti búra pé òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wálé lọ́dún Àjíǹde, ó bá àgádágodo lẹ́nu yàrá tí wọ́n bí i sí. Ilé ọ̀rẹ́ ló sùn, kò sì dúró jẹun àárọ̀ kó tó padà lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lo gbọ́ pé ó wà ní ọsibítù, o wá ń bi mí pé kí ló dé tó ní kí wọ́n má sọ fún ọ. O ní ó yẹ kó mọ̀ pé o fẹ́ràn òun. Níbo ni ì bá ti mọ̀ ọ́n? Lára àgádágodo?

Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kó kú. Ọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yìí náà kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kú, ìyá yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ fún. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn kì í sọ pé tẹlòmíràn náà lè bá a dákẹ́.

Mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Ohun tí ò ń rò báyìí ni pé o ó fún ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, kó mú un lọ fún un, yóò sì yé e. Kò ní yé e. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nílé. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń gbéra ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la. Wọ̀ ọ́. Jókòó ti ibùsùn àbúrò rẹ ní ọsibítù, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún un, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.