Ọkùnrin Tí Ẹ̀rọ Rẹ̀ Kò Rí Ilé

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò ńlá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ omi. Wọ́n ri irin ìwọ̀n mọ́ inú odò náà. Irin yìí ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí omi ṣe ga tó, kọ̀ǹpútà sì ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sórí díìsì rẹ̀, àpótí ìrántí inú ẹ̀rọ, láti ọdún dé ọdún. Ohun tó wà lórí díìsì yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé bí omi bá ga báyìí lókè lónìí, yóò dé abà àwọn oníṣu nísàlẹ̀ lọ́la. Wọn a sì ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n kẹ́rù. Ẹ̀mí àwọn ará abà àti iṣu wọn wà lọ́wọ́ díìsì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ díìsì.

Linux, ọ̀kan lára àwọn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ni kọ̀ǹpútà náà ń lò. Linux ní ohun kan láàárín gbùngbùn rẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kánẹ̀lì. Òun ni ọkàn ẹ̀rọ. Ohun tí kánẹ̀lì bá mọ̀ ni ẹ̀rọ lè rí; ohun tí kò bá mọ̀, bó tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò ní rí i. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ra irin ìwọ̀n tuntun, kánẹ̀lì àtijọ́ kò sì mọ̀ ọ́n. Ó di dandan kí ọkùnrin yìí tún kánẹ̀lì kọ́ kí òjò tó dé.

Ó mọ iṣẹ́, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń kọ́ kánẹ̀lì, ẹ̀rọ yóò máa bi í ní ìbéèrè lọ bí ilẹ̀ bí ẹní: ṣé o fẹ́ kí ọkàn tuntun yìí mọ ohun báyìí? Ṣé o fẹ́ kó mọ ti ọ̀hún? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lèèyàn máa dáhùn. Òfin àwọn oníṣẹ́ ni pé ohun tí o kò bá mọ̀, fi í sílẹ̀ bí o ṣe bá a. Ọkùnrin yìí kò rò bẹ́ẹ̀. Kánẹ̀lì tó fúyẹ́, tó ń sáré, lòun fẹ́. Gbogbo orúkọ tí kò bá ti mọ̀, rárá ló ń dáhùn sí i, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó ń ro oko. Ẹni tó ń ro oko tí kò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí koríko, ìwọ náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí.

Ó kọ́ ọ tán. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, obìnrin àgbà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ní, "Màdáàmù, ẹ wá wo kánẹ̀lì tuntun. Ti àtijọ́ yẹn ti di ìtàn." Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà péjọ. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ jí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ohun tó kọ kẹ́yìn ni pé òun kò rí díìsì tí ilé òun wà, ibi tí gbogbo ohun tó ń lò wà.

Obìnrin náà padà sí yàrá rẹ̀. Ìpadà yẹn dun ọkùnrin náà ju èébú lọ.

Ó pààrọ̀ okùn díìsì. Ó nu eruku. Ó fẹ̀sùn kan iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ ń sọ. Bẹ́ẹ̀, nígbàkígbà tó bá tan ẹ̀rọ, orúkọ méjì ló kọ́kọ́ ń yọ, kánẹ̀lì tuntun lókè, ti àtijọ́ nísàlẹ̀. Wọn kì í pa ti àtijọ́ rẹ́ títí ti tuntun yóò fi dúró dáadáa, kí èèyàn lè rí ibi padà sí. Ìka kan ló máa fi tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ti sọ níṣojú gbogbo ilé-iṣẹ́ pé ti àtijọ́ ti di ìtàn, ó sì ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá bá òun lórí rẹ̀, wọn yóò fi òun rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin yìí ti tó bàbá ọmọ, iwájú ló ń wò.

Nígbà tó yá, ó sọ fún ara rẹ̀ pé díìsì ti kú. Ọ̀rọ̀ náà tù ú lára. Bí díìsì bá kú, kò sí ẹ̀bi lọ́dọ̀ òun. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Díìsì yẹn ti kú, mà."

"Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kú, mà. Wọn kì í dágbére."

"Ṣé o ti fi kánẹ̀lì àtijọ́ wò ó?"

Ó ti la ẹnu láti sọ òótọ́, ìtìjú sì dí i lọ́nà. Ó ní, "Kò sí ohun tí n kò dán wò, mà."

Òfin ilé-iṣẹ́ náà ni pé wọn kì í ju díìsì tó kú sí ààtàn lásán, kí ẹnikẹ́ni má baà jí ohun tó wà nínú rẹ̀. Òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ. Ọ̀gá ní kó ṣe bó ṣe yẹ. Ó gbé díìsì sórí òkúta lẹ́yìnkùlé, ó sì lù ú títí àwọn àwo dídán inú rẹ̀ fi fọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀dà ohun tó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà náà ti pẹ́, odò sì ti yí ọ̀nà padà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é.

Ó ki díìsì tuntun bọ ẹ̀rọ, ó gbé kánẹ̀lì rẹ̀ sí i, ó tan án. Ẹ̀rọ jí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Òun kò rí díìsì tí ilé òun wà.

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá padà sídìí àwọn ìbéèrè tí ẹ̀rọ bi í, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i níbẹ̀: orúkọ kékeré kan tí kò mọ̀, tó dáhùn rárá sí. Ohun tí ẹ̀rọ fi ń rí díìsì ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yọ ọ́ kúrò. Ó yí i padà sí bẹ́ẹ̀ ni, ó tún kánẹ̀lì kọ́, ẹ̀rọ sì rí díìsì tuntun náà kedere. Kò sí ìwọ̀n odò kan ṣoṣo lórí rẹ̀.

Òjò ọdún náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Omi ga lókè, wọ́n rí i pé ó ga, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìgbà tí yóò dé abà mọ́, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó ránṣẹ́. Omi wọ abà lọ́sàn-án gangan. Ó kó iṣu inú àká, ó wó ilé, ó sì gbé ìyá arúgbó kan tí kò lè sáré lọ. Ọkùnrin náà wà lára àwọn tó lọ ṣèrànwọ́. Ọmọ arúgbó náà, àgbàlagbà ọkùnrin, dúró nínú ẹrẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa ṣọ́ omi, kí ló ṣe yín lọ́tẹ̀ yìí?"

Àbúrò mi, torí tìrẹ ni mo ṣe sọ ìtàn yìí. Nígbà tí o dé láàárọ̀ yìí, o ní o fẹ́ kọ Ìyá Àńjọlá, ìyàwó rẹ, sílẹ̀. O ní láti ìgbà tí o ti ti ìlú òyìnbó dé, o kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀rọ náà kò purọ́ nígbà tó ní òun kò rí díìsì. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló yí padà? Kí o tó lọ, o rí i. O rí i nígbà tó ń wẹ ìyá wa lórí àìsàn, tí àwa ọmọ ń fimú pamọ́. O wá di ẹni tuntun, mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ń di ẹni tuntun, ohun púpọ̀ ni o dáhùn rárá sí nítorí pé wọn kò jọ ti ibi tí o lọ. Ìmoore wà lára wọn.

Má mú òòlù. Padà sí ẹni tí o jẹ́ tẹ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí o fi ojú yẹn wò ó. Ìtìjú ibẹ̀ kò tó nǹkan. Èmi nìkan ló mọ ohun tí o wá sọ, n kò sì ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Bí o bá kọ̀, tí o lé e lọ, tí o gbé ẹlòmíràn wọlé, ojú kan náà ni o máa fi wò ó. Kò ní pẹ́ tí wàá fi tún wá jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, tí wàá máa sọ fún mi pé o kò rí nǹkan kan.