Ẹsẹ̀ Tí Ejò Fi Dógò Nílé Ẹ̀rọ

Nígbà láéláé, nígbà tí ejò ṣì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn bí alángbá, àwọn ẹranko ní yunifásítì tiwọn. Ẹ má bi mí pé níbo ni. Ọ̀kùn ló ń tọ́jú ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó kámẹ́rà sí níbẹ̀, kò sì ní ẹsẹ̀ kankan nígbà náà.

Òfin Ọ̀kùn le. Ẹni tó bá fẹ́ yá kámẹ́rà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dógò. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù tí kámẹ́rà kò tíì dé, ẹsẹ̀ di ti ilé ẹ̀rọ nìyẹn.

Ejò ní fíìmù kan láti yà kó tó lè gboyè. Ó ti gba yàrá ìyàwòrán sílẹ̀, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Ó bọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún Ọ̀kùn, ó so kámẹ́rà mọ́ ọrùn, ó ń fi àyà wọ́ lọ.

Ó pàdé Ekòló lọ́nà. Ekòló ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí òun ti dá ẹ̀rọ padà, Ọ̀kùn ṣì ń sọ pé òun ń wá ẹsẹ̀ tí Ekòló fi dógò. Ejò bojú wẹ̀yìn, ó rí ipa ẹsẹ̀ nínú eruku ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ. Ta ló ń rìn níbẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ kò lẹ́sẹ̀?

Ìfura loògùn àgbà, Ejò sì mu ún ju bó ṣe yẹ lọ. Kàkà kó lọ sí yàrá tó gbà, ó lúgọ sábẹ́ fèrèsé ilé ẹ̀rọ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìgbà náà ni Ọ̀kùn jáde. Ẹsẹ̀ Ekòló wà lára rẹ̀, ti Ìgbín wà níbẹ̀, ti Ejò ló kẹ́yìn, ó wá ń yan fanda. Ejò ya gbogbo rẹ̀ sínú kámẹ́rà. Inú ń bí i gan-an.

Nígbà tó fi àwòrán náà han Ekòló, Ekòló ní kó gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà yunifásítì. Ejò ní ta ló mọ̀ bóyá wọ́n jọ ń pín ẹsẹ̀ ọ̀hún ni. Ó wọ́ padà lọ bá Ọ̀kùn fúnra rẹ̀. Ọ̀kùn ti jókòó, ó ti fi aṣọ bo ara dé ìsàlẹ̀.

"Gbé kámẹ́rà wá, kí n gbé ẹsẹ̀ rẹ jáde," Ọ̀kùn wí.

Ejò rò ó pé bí òun bá fi kámẹ́rà sílẹ̀, Ọ̀kùn yóò pa àwòrán rẹ́, ẹ̀rí òun tán nìyẹn. Ó ní, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ mi jáde ná, kí n rí i."

"Kí o lè gbé kámẹ́rà sá lọ, àbí?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni aago méjì ti lù.

"Àkókò ti kọjá," Ọ̀kùn wí, ó sì ti fèrèsé. Ejò sunkún títí. Kò ya fíìmù tó fẹ́ fi gboyè, kò sì rí ẹsẹ̀ gbà.

Láti ọjọ́ náà ni ejò ti ń fi àyà wọ́, tí ọ̀kùn sì di ẹlẹ́sẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n kò gbádùn wọn rí. Ẹ fi igi kàn án díẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò ká jọ kíá, tí yóò kó gbogbo ẹsẹ̀ pa mọ́ sínú. Ó rò pé ẹni tó ni ẹsẹ̀ ló dé.