Sípíkà Tí Gbogbo Ọjà Jó Sí

Ọkùnrin kan wà, olùkọ́ ni, tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Àrùn ojú náà kò dùn ún rárá. Ó kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbà á tán. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí ojú lọ tán, àwọn ènìyàn ní kó gba ilé lọ, kó máa jẹ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó ní ojú òun ló fọ́, ẹnu òun kò fọ́, ọpọlọ òun kò sì fọ́.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n òun náà ní àwọn tó ń pàṣẹ fún un látòkè. Wọ́n fún olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún kíláàsì kẹta, ìwé tí olùkọ́ kò kà rí nígbà tó ń ríran. Wọ́n ní kó wá kọ́ ọ, kí olùbẹ̀wò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó sì ṣí ìwé náà sí ibi tó bá wù ú. Bó bá kọ́ ọ yanjú, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí kò bá yanjú, ó tán nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì rẹ̀ ní pálọ̀. Wọ́n ti bá a ki ìwé náà sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì ń kà á sókè fún un. Ohùn rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná. Kò mọ ẹ̀rín, kò mọ ẹkún, ṣùgbọ́n kì í rẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ á ní kó máa kà á kíákíá bí ẹni tí ajá ń lé, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé sípíkà tó bá kọ̀ǹpútà náà dé ti gbó. Ọ̀kan ti kú pátápátá, èkejì ń dún ṣàà, ṣàà, bí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀.

O lè ní kó ki íápíìsì bọ etí. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dá wọn lóhùn pé, “Bí mo bá dí etí mi, ta ni yóò bá mi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?” Etí ló fi ń mọ ẹni tó wọlé, etí ló fi ń mọ̀ pé omi ti hó lórí iná. Sípíkà ló nílò, èyí tí kò tóbi, tí kò ní gba àyè lórí tábìlì, tí ọ̀rọ̀ á sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ketekete.

Olùkọ́ ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Ọlọ́wọ́ ọrẹ ni. Ariwo ọkùnrin náà pọ̀, àánú rẹ̀ sì pọ̀ ju ariwo rẹ̀ lọ. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ sípíkà ló ti wa mọ́tò dé.

“Múra! Ọmọ ìyá mi kò ní máa fi sípíkà yẹpẹrẹ ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì wà láyé.”

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Òṣogbo. O mọ bí wọ́n ṣe ń dán sípíkà wò lọ́dọ̀ wa. Ọlọ́jà á yan orin tó wu òun fúnra rẹ̀, á yí i dé òpin, ilẹ̀ á máa mì. Ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ á dúró, á ju apá, á ju ẹsẹ̀. Bí èrò bá ti jó sí i, ọjà ti tà nìyẹn. Ta ló tún máa bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe?

Olùkọ́ fi fílàṣì kékeré kan sápò. Orí kìíní ìwé náà ló gbà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn gbígbẹ yẹn, kó lè fi dán ohun tó bá fẹ́ rà wò. Ó ti dì í mú nínú àpò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń jó. Ọlọ́jà ń jó. Obìnrin kan tó wá ra wáyà lásán náà ń jó. Ojú ti olùkọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, níbi tí gbogbo ayé ti ń jó, ṣé èmi ni n ó wá ní kí wọ́n pa orin, kí wọ́n wá gbọ́ ìwé ìtàn? Ó tú ọwọ́ sílẹ̀ lára fílàṣì. Ibẹ̀ ló ti ṣìnà, kì í ṣe ibòmíràn.

Ọlọ́jà ní, “Bàbá, bí ẹ bá tan eléyìí, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ẹ wà nílé.”

Ẹ̀gbọ́n ní, “Bá wa dì í!”

Nígbà tí wọ́n délé, àpótí gíga méjì ni wọ́n gbé sórí tábìlì, wọ́n gbé ẹ̀kẹta tó rí bí odó sísàlẹ̀. Ìyẹn ni ti béèsì. Ilé kún lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ àti ìyàwó rẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n pé ẹ ṣé ti àná. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ìyàwó ilé kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá wọn dúpẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà lọ. Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe wọ́n lálejò, ó ń ní kí wọ́n má dúpẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lọ. Olùkọ́ tan ìwé rẹ̀, ohùn náà sì jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Béèsì ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Orúkọ ọba kó wọ inú orúkọ ìlú, ọdún kan kó wọ inú òmíràn. Ìyàwó rẹ̀ yí gbogbo bọ́tìnnì tó wà lára nǹkan náà; ó dín kù, kò tán. Olùkọ́ wá ní kí ẹ̀rọ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Níbi tó ti ń ka ogún ojú ewé lóòjọ́, ó di mẹ́rin. Pátákó onírin tó fi ń tẹ ìwé afọ́jú kò ríbi jókòó mọ́ lórí tábìlì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jábọ́. Ẹni tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà lórí tábìlì yẹn bó ṣe mọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, òun náà ló wá ń fọwọ́ wá nǹkan kiri bí àlejò.

Nígbà tí ọjọ́ kẹsàn-án pé, ó jókòó, ó rò ó wò. Ọjọ́ méjìlá ló kù, ìwé kò sì tíì dé ibì kankan. Ẹ̀rù bà á. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ̀rù bà á gidi, torí iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó fi ń pe ara rẹ̀ ní ènìyàn.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ lọ sọ fún wọn.”

“Kí n ní kí ni? A ti dúpẹ́. Gbogbo ilé ti dúpẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó wá dúpẹ́ tán, tó tún dá ọrẹ padà ńkọ́? Kí ni wọ́n máa pe ìyẹn?”

“Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa pè é. Ṣé ìdúpẹ́ lẹ máa fi kọ́ kíláàsì?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Kò rán ọmọ, kò tẹ ẹ̀gbọ́n láago, torí wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òun kò ní ojú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní.

Ó dé ibẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo tún dúpẹ́. Sípíkà yẹn dára. Iṣẹ́ mi ni kò bá mu.”

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́ ẹni tí a kò lè rí ojú rẹ̀ le, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́. Olùkọ́ kò mọ̀ bóyá ó ń bínú, bóyá omi wà lójú rẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ ti dìde lọ. Ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí èsì.

Nígbà tó pẹ́, ẹ̀gbọ́n ní, “Gbogbo ọjà jó sí i. Ìwọ nìkan lo ní kò dára.”

“Mi ò ní kò dára, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kálọ sílé. Ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ.”

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e, ó ń kùn. Olùkọ́ fi í jókòó sórí àga tirẹ̀, ó ní kó di ojú rẹ̀, kó má ṣí i o. Ó ní kí ẹ̀rọ ka ojú ewé kan, ó tilẹ̀ dín eré rẹ̀ kù nítorí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó kà á tán, ó bi í léèrè orúkọ ọba tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò gbọ́ ọ. Wọ́n tún un kà. Ó ní kí wọ́n dákẹ́ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n dákẹ́, wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Òógùn bo ọkùnrin náà níbi tó jókòó sí. Ó la ojú, ó fi ọwọ́ lu itan rẹ̀.

“Háà! Ohun tó ń jẹ ọ́ níyà láti ọjọ́ yìí nìyí? Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù?”

“Ijó lẹ ń jó, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú mọ́tò.

Ọlọ́jà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní kò burú, òun á fa àga kan sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé lòun á máa sọ ọ́ fún. Ọlọ́jà ní kí wọ́n wá mú òmíràn.

Lọ́tẹ̀ yìí, olùkọ́ yọ fílàṣì. Ọlọ́jà bi í pé orin ta ni. Ó ní kì í ṣe orin. Ohùn gbígbẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìtàn láàárín ọjà, ni àwọn ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbádùn ayé wa o!” Ẹni tó fẹ́ sanwó lẹ́yìn rẹ̀ ń pòṣé. Etí olùkọ́ gbóná, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ìkejì wá.

Ọlọ́jà gbé kékeré kan wá, ó ń polówó rẹ̀: “Ẹ wo bí iná aláràbarà ṣe ń tàn lára rẹ̀!”

Olùkọ́ ní, “Ta ni wọ́n tan iná náà fún?”

Ọlọ́jà wo ojú rẹ̀, ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Kò polówó mọ́. Ó kàn ń gbé wọn wá ni, olùkọ́ sì ń gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ìkarùn-ún dúdú, kò lẹ́wà, kò ga ju ife ìmumi lọ. Ó yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ títí, ó ṣì ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó yí i sókè, kò ha. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà níwájú, ìka rẹ̀ bọ́ sí i láìwá a. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ìdí rẹ̀, ó mọ ibi tí yóò jókòó sí lórí tábìlì.

“Eléyìí ni.”

“Bàbá, eléyìí ò lè mi ilẹ̀ o.”

“Ilẹ̀ tó ń mì, kí n fi ṣe kí ni?”

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù tó fi jókòó ti ìwé náà. Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń yà síbẹ̀ kó tó lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, á ṣí ìwé, á bi í ní ìbéèrè, bó bá sì gbà á, ẹ̀gbọ́n á pariwo títí àwọn ará ilé kejì á fi mọ̀. Ọjọ́ pé. Olùbẹ̀wò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ṣí ìwé sí ibi tó wù ú, nítòsí òpin. Olùkọ́ dúró, ó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí aago fi lù. Ọmọbìnrin kan fi ìbéèrè tó le kò ó lójú. Ó dá a lóhùn, ó tún bi òun náà ní tirẹ̀, kíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bí kíláàsì tó mọ ohun tó ń kọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ béèrè irú ẹni tí wọn yóò wá fi rọ́pò rẹ̀. Olùbẹ̀wò ní kí wọ́n má wá ẹnikẹ́ni.

Ó dára. Mi ò sọ gbogbo èyí fún ọ nítorí pé o fẹ́ ra sípíkà. Iṣẹ́ tí àbúrò bàbá rẹ wá fún ọ ní ilé iṣẹ́ ńlá yẹn, o ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá pé kò bá ohun tí o kọ́ mu. O wá ń sọ fún mi pé kò ṣeé kọ̀, pé ẹbí ti lọ dúpẹ́, pé gbogbo ènìyàn ló ń yọ̀. Jẹ́ kí wọ́n yọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń jó yẹn, kò sí ẹnì kan tí yóò bá ọ jókòó ti tábìlì rẹ. Gbé iṣẹ́ tí o fẹ́ fi ayé rẹ ṣe lọ síbẹ̀, fi dán ohun tí wọ́n fún ọ wò lójú gbogbo wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń pòṣé. Má sì dá àbúrò bàbá rẹ lẹ́bi pé kò mọ̀. Ó fẹ́ràn rẹ. Bí o bá ní kó di ojú, yóò dì í. Ìwọ ni o kò tíì sọ fún un.

Ó wà nílé báyìí, mo ti béèrè. Wọ bàtà rẹ.