Ìka Tíṣà Fátúnmbí

Ládùúgbò wa, wọ́n máa ń sọ pé, "Ìka tíṣà kì í bá ọmọ wọ yàrá ìdánwò." Àjèjì á gbọ́ ọ, á máa wo ìka ara rẹ̀. Ìka ta ni? Ìka Fátúnmbí ni, olùkọ́ ìṣirò tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n kó ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì wá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á tẹ ìdáhùn sí i. Bó bá gbà á, orúkọ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Bó bá ṣì í, á pọ́n. Ọ̀gá àgbà kìlọ̀ fún àwọn tíṣà pé, "Ọmọ tó bá pọ́n, ẹ tún un kọ́. Torí ẹ̀ la ṣe rà á."

Ká tún ọmọ kọ́ kẹ̀? Fátúnmbí tí ìyìn ń pa bí ọtí! Bí ìka ọmọ bá ti ń ṣiyèméjì, á na tirẹ̀ láti ẹ̀yìn, á tẹ èyí tó tọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, á wá gbé ẹ̀rọ sókè: "Ẹ wá wo kíláàsì! Pupa kan ò sí ńbẹ̀!" Oníyẹ̀yẹ́.

Mopélọ́lá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, wà ní kíláàsì náà. Bó bá yọ méjìdínlógójì kúrò nínú méjìléláàádọ́ta, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló máa ń kọ, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yá mẹ́wàá. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tíì yé mi."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ẹ̀rọ ní o mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ̀ náà wá bẹ̀ ẹ́. "Tíṣà, ìdánwò àtiwọ girama ku oṣù kan. Ẹ bá mi tún un ṣàlàyé fún un."

"Ìyá Mopé, ẹ lọ máa ránṣọ yín. Àbí ẹ gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ ni?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Fátúnmbí wọ agbádá, ó dúró lójú fèrèsé láàárín àwọn òbí, ó ń retí ìyìn. Ìyọkúrò ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Mopélọ́lá gbé ìka sókè, kò tẹ nǹkan kan. Ó wo ẹ̀yìn. Ó tún wo ẹ̀yìn.

"Kí lò ń wá?" alábòójútó bi í.

"Tíṣà wa ni, mà. Àwọn ló máa ń bá wa tẹ̀ ẹ́."

Háà! Ìyá Mopé di ọwọ́ Fátúnmbí mú, ó gbé e sókè lójú gbogbo èèyàn. "Ìka tó mọ ìṣirò rèé o! Tíṣà, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kó bá ọmọ mi wọlé?"

Mopélọ́lá fìdí rẹmi, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó tún kíláàsì náà ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ pọ́n, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, ìyọkúrò ti yé e. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Ohun tí Fátúnmbí kọ̀ láti ṣe nìyẹn, tó fi ba odidi ọdún kan jẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ọmọ ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́ ọ, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí: ìka tíṣà kì í bá ọmọ wọ yàrá ìdánwò.