Ìdí Tí Ìlà Ìpín Kò Fi Forí Kanlẹ̀ Títí Dòní

Nígbà láéláé, kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó máa fọwọ́ kan máòsì, ìlú kan wà nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ìlà àti èèyàn ni ará ìlú náà. Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n ní: ọ̀kan nàró, ọ̀kan sùn gbalaja. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni baálẹ̀ wọn ń jókòó sí. Òdo ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ló máa ń fẹ́ràn kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún òun jù.

Àwọn èèyàn ń gbé lórí ọ̀nà tó sùn náà, ní ibùdó-ibùdó. Ẹnì kan wà ní ibùdó kìíní, èèyàn méjì ní ìkejì, mẹ́ta ní ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ tí kò lópin. Òkè orí wọn ni àwọn ìlà ń gbà kọjá.

Lọ́dọọdún, Òdo á pàṣẹ kí gbogbo ìlà wá fara kan ọ̀nà òun tó sùn, kí òun lè mọ̀ pé wọ́n bẹ̀rù òun. Wọ́n sì ń ṣe é. Ìlà Igbá á sọ̀kalẹ̀, á fìdí kan ọ̀nà, á tún gòkè lọ. Ìgbì, ìránṣẹ́ baálẹ̀, kò mọ̀ ju kó dọ̀bálẹ̀, kó dìde, kó tún dọ̀bálẹ̀, títí á fi sú ẹni tó ń wò ó.

Ó wá ku Ìpín. Obìnrin ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé iṣu kan dé ibùdó kọ̀ọ̀kan, kó sì pín in dọ́gba. Ní ibùdó kìíní, ẹnì kan ló ń jẹ odidi iṣu, Ìpín á sì ga níwọ̀n odidi. Ní ibùdó kejì, ààbọ̀ iṣu ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, Ìpín á rẹlẹ̀ dé ààbọ̀. Bó bá ṣe ga tó lókè orí wọn, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe tó.

"Ìpín," ni Òdo wí lọ́dún kan, "gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ti ṣe tiwọn. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ kú ìjókòó, Baálẹ̀. N kò ní forí kanlẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Ibi tí orí mi bá ti kan ọ̀nà yín, oúnjẹ àwọn tó wà níbẹ̀ ti di òfo nìyẹn. Ẹ dárúkọ ibùdó tí ẹ fẹ́ kí ebi pa, kí ẹ fúnra yín lọ sọ fún wọn."

Ìgbì dá sí i. "Ṣebí ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo ti dọ̀bálẹ̀ nígbà ogún láti àárọ̀, kí ló ṣe mí?"

"Ìwọ kò gbé oúnjẹ ẹnikẹ́ni dání," ni Ìpín dá a lóhùn.

Òdo rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Máa rìn lọ sápá ọ̀tún. Èèyàn á máa pọ̀ sí i, ìpín wọn á máa kéré sí i. Ibì kan ń bọ̀ tí nǹkan kan ò ní ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni wàá ti wólẹ̀ fúnra rẹ. Ìgbì, tẹ̀ lé e."

Ìpín gbéra. Ní ibùdó kẹwàá, ègé iṣu ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí ọgọ́rùn-ún èèyàn wà, ó ti di èérún. Nígbà tó dé ibi tí ẹgbẹ̀rún wà, ó ti di ìyẹ̀fun. Ẹ̀yìn ń dun Ìpín gan-an, nítorí kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìfara kanlẹ̀ nira ju ìdọ̀bálẹ̀ lọ. Ìyá arúgbó kan tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gba tirẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Wọ́n ti sọ fún wa pé o ò ní lè dé ọ̀dọ̀ wa."

Ibẹ̀ ni Ìgbì ti figbe ta: "Baálẹ̀, ó ti kanlẹ̀!"

Gbogbo ìlú yíjú wò. Lóòótọ́, láti ọ̀ọ́kán, ó dà bí ẹni pé ó ti kanlẹ̀.

"Irọ́ ni," ni Ìpín wí. "Ẹ wá wò ó."

"A ti ń wò ó láti ibí," ni Òdo wí.

"Ọ̀ọ́kán kọ́ ni wọ́n ti ń wo abọ́ ẹni tí ebi ń pa. Gíláàsì, ìwọ tó ru gbogbo wa, ìwọ ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí."

Gíláàsì kì í dá sọ́rọ̀ ìlú. Lọ́jọ́ náà, irọ́ Ìgbì bí i nínú. Ó fa ibi tí Ìpín wà súnmọ́ gbogbo wọn, ó fẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀ ẹ́. Àlàfo yọ láàárín Ìpín àti ọ̀nà.

"Fẹ̀ ẹ́ sí i," ni Òdo wí. Ó fẹ̀ ẹ́ sí i. Àlàfo ṣì wà níbẹ̀. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ojú ti Òdo, ìtìjú náà wá di ìbínú. "Ó dáa, wá síbi ìjókòó tèmi, kí o wá pín iṣu níbẹ̀."

"Èèyàn mélòó ló ń gbé níbẹ̀, Baálẹ̀?"

Òdo wo ìdí ìjókòó rẹ̀ yíká: kò sí ẹnì kankan.

"A kì í pín iṣu níbi tí kò sí ẹni tó máa jẹ ẹ́," ni Ìpín wí. Ó padà wá sí tòsí ìjókòó náà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó nàró gòkè lọ láìkàn án, títí ó fi jáde lókè gíláàsì.

Láti ọjọ́ náà ni Ìpín ti ń súnmọ́ ọ̀nà méjèèjì láìkan ọ̀kankan. Láti ọjọ́ yẹn kan náà ni gíláàsì ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan fẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń ya ìlà, ẹ tẹ ení (1), ẹ tẹ àmì ìpín (/), ẹ tẹ lẹ́tà x, tó dúró fún iye èèyàn ibùdó. Ìpín á yọ sí yín. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sápá ọ̀tún, kí ẹ yí táyà kékeré orí máòsì kí gíláàsì lè mú un fẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun rí i tó forí kanlẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò tíì súnmọ́ ọn tó.